Ìrìn-àjò sí Etí Omi Agbóyì, àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Ẹ̀dá tí ń Gbé Ara Koríko Òkun

Àwọn òǹkàwé wa tí ń gbé ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní Mile 12 kì í ka ara wọn kún ará etíkun. Bí a bá dárúkọ etíkun fún wọn, Bàdágìrì ni ọkàn wọn ń lọ, tàbí Lẹ́kì, tàbí erékùṣù Èkó níbi tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀nà ńlá Ìkòròdú ni àwọn mọ̀, àti ariwo mọ́tò, àti ọjà tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń já tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu sí láti ilẹ̀ Òkè-Ọya wá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yà kúrò lójú ọ̀nà náà ní Kétu, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí ìhà Agbóyì, ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn ẹrọ̀fọ̀ yóò gba imú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dé èbúté kan níbi tí iṣẹ́ mọ́tò ti parí, tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ará etíkun ni òun láti ìgbà tí òun ti ń gbé ní Kòsọ́fẹ́.

Ìlú àtijọ́ ni Agbóyì, ó sì wà ní òdìkejì omi. Ní ayé ìgbà tí rélùwéè kò tíì dé Abẹ́òkúta, odò Ògùn ni ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò àti àwọn òjíṣẹ́ Ìhìnrere ń gbà láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n á ṣán ọ̀pá, wọ́n á fa àjẹ̀, wọ́n á sì sùn sí etídò ní alẹ́. Ibi tí odò yìí ti ń tú ara rẹ̀ dà sínú ọ̀sà Èkó ni a wà yìí. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ará Agbóyì ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà, lọ sí ibi iṣẹ́, lọ sí ilé ìwòsàn, tí àwọn ọmọ wọn sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Kí ẹni tí ń bá wa lọ má tíì kánjú wọ ọkọ̀. Kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì wo àwọn òpó igi tí a rì mọ́ inú omi láti so ọkọ̀ mọ́. Láti ibi tí omi ń kún dé lọ sí ìsàlẹ̀, yóò rí ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé, tí ó gùn bí irun, tí ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí omi ti ń mì. Àwọn ọmọdé etí omi mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni ó máa ń gbé wọn ṣubú. Ìbátan koríko òkun ni, irú èyí tí ó lè fara da omi oníyọ̀ àti omi aláìníyọ̀, nítorí pé omi ọ̀sà wa kì í dúró sí ojú kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò Ògùn bá fà, omi òkun a máa gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, a sì máa sọ ọ̀sà di oníyọ̀. Nígbà tí òjò bá dé, odò a kún, a sì tì í padà. Bí olùkàwé wa bá fi ìka méjì mú díẹ̀ nínú irun omi yìí, yóò rí i pé ó ń yọ̀ bí ewédú. Yíyọ̀ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé kì í ṣe ti koríko náà nìkan. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bakitéríà, tí àwa sì ń pè ní kòkòrò àìfojúrí, tí wọ́n tẹ ìlú ara wọn dó sí ara koríko náà gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ti pa ìsọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Mile 12.

Koríko òkun kò dà bí ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Kò ní gbòǹgbò tí ń fa omi láti inú ilẹ̀. Ohun tí ó dà bí gbòǹgbò lára rẹ̀, dídì mọ́ òkúta ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ni ó fi ń jẹ, gbogbo ara rẹ̀ náà ni ó fi ń mu. Nígbà tí oòrùn bá ràn sí i, a máa ṣe ohun dídùn bí ṣúgà fún ara rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa jò jáde sínú omi. Ibi tí àdíndùn bá ti dà sílẹ̀, ta ni kò mọ ohun tí ń tẹ̀ lé e? Bí a bá gé ègé kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ kúrò lára koríko òkun, àwọn kòkòrò tí ó wà lára rẹ̀ lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jùlọ ni pé àwọn tí ń gbé ara koríko kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú àwọn tí ń léfòó nínú omi tí ó yí i ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan péré ni ó wà láàárín wọn. Koríko kọ̀ọ̀kan ní àwọn tirẹ̀, bí àwọn tí ń tajà nínú ọjà kì í ti í ṣe gbogbo ènìyàn tí ọkọ̀ ń gbé kọjá lójú títì.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbà pé kòkòrò gbogbo ni ọ̀tá, tí ẹ sì ń fi ọṣẹ lé wọn kiri ilé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ farabalẹ̀ gbọ́ èyí. Koríko òkun kan wà tí ó fẹ́lẹ́, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Ulva ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀, ó sì wọ́pọ̀ lórí òkúta etíkun káàkiri ayé. Ní ọdún 1958, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Luigi Provasoli kọ ìwé ní Amẹ́ríkà nípa ohun tí ó rí nígbà tí ó tọ́ koríko yìí dàgbà nínú omi tí kò ní kòkòrò kankan rárá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé koríko náà yóò gbádùn, nígbà tí kò sí ẹni tí ń yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, kò lè di ewé. Ó kàn wú kójọ láìní ìrísí, bí ìyẹ̀fun tí a dà sínú omi tí ó ṣù. Àwọn kòkòrò ara rẹ̀ ni ó ń fún un ní ìrísí! Ní ọdún 2005, àwọn ọmọ ilẹ̀ Jàpáàní rí ohun tí ọ̀kan nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń mú jáde, èyí tí ó ń sọ ìbátan koríko yìí di ewé gidi. Ní ọdún 2012 àwọn ará Jámánì sì fi hàn pé irú kòkòrò méjì péré tó fún Ulva: ọ̀kan ń mú kí ara rẹ̀ máa pọ̀ sí i bí ó ti yẹ, èkejì ń mú kí ó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi di òkúta mú. Ọmọ koríko pàápàá, nígbà tí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri tí ó ń wá ibi tí yóò dúró sí, ibi tí ó bá gbọ́ òórùn àwọn kòkòrò wọ̀nyí lára òkúta ni ó máa ń yàn.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo àlejò ni koríko ń gbà mọ́ra. Koríko pupa kan wà ní etíkun Ọsirélíà tí ń tú ohun kan jáde sí ara rẹ̀, tí kì í pa kòkòrò, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Àwọn kòkòrò a máa fi ohun olóòórùn ránṣẹ́ sí ara wọn kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dáwọ́ lé iṣẹ́. Koríko yìí a sì da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ wọn lẹ́nu, ìpàdé a sì túká. Mo mọ ìgbìmọ̀ ìjọ mélòó kan tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí láìsí koríko níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn Jónà mọ̀ pé koríko omi wé mọ́ ọn lórí nínú ibú. Àwọn oníwàásù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí koríko náà, nítorí ẹja ńlá ti gba gbogbo ìtàn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni koríko òkun ti fi agbára mú àwọn ará etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Sargassum ni orúkọ èyí tí mo ń wí. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, ó ní àwọn róbótó kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn, àwọn ni wọ́n sì ń gbé e léfòó. Kò nílò òkúta láti dì mú, orí omi ni a bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó ń dàgbà sí. Tẹ́lẹ̀ rí, ojú òkun kan tí ó jìnnà sí wa, ní ìhà Amẹ́ríkà, ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ọdún 2011 ó bẹ̀rẹ̀ sí hù púpọ̀ láàárín gbùngbùn òkun Àtìláńtíìkì, ó sì ń dé èbúté ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kọ ìwé jáde ní ọdún 2014 nípa èyí tí a rí ní ojú òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa Ìlàjẹ ti ń pẹja. Ní ọdún 2018, àwọn ẹ̀rọ tí ń wo ayé láti òfuurufú rí i pé ó tò lọ bí ọ̀já láti ẹ̀bá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé ilẹ̀ Mẹ́síkò, gígùn rẹ̀ jẹ́ 8,850 kìlómítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. A máa dí àwọ̀n lọ́nà, a máa wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí ó bá sì gúnlẹ̀ tí ó kú, àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ a mú kí ó máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, tí orí a sì máa fọ́ àwọn tí ń gbé ẹ̀bá ibẹ̀. Lára èyí tí ó ṣì wà láàyè, àti lára ọ̀rá àti ike tí ó há sí i, ni àwọn onímọ̀ ní Fúlórídà ti rí ìdílé kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vibrio, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2023. Kí olùkàwé wa fi orúkọ ìdílé yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe àlejò ní Kòsọ́fẹ́.

Nísinsìnyí ni kí a wá wọ ọkọ̀ ní Agbóyì. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, ohun tí yóò kọ́kọ́ dí wa lọ́nà ni ewéko kan tí ó tẹ́ sójú omi bí ẹní, tí ewé rẹ̀ ń dán, tí òdòdó rẹ̀ sì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi fẹ́ já a lọ sí ilé. Gbéborùn ni àwọn ènìyàn wa ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé bí olófòófó ni ó ṣe ń kiri, kò sí ilé tí kì í yà. Kì í ṣe koríko òkun. Omi tí kò níyọ̀ ni ó fẹ́ràn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó sì ti wá. Ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní omi Bàdágìrì, nígbà tí ó gba ọ̀nà omi wọlé láti ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà náà ni odò Ògùn ti ń ru ú wá sí ọ̀sà ní ọdọọdún. Nígbà tí ìyọ̀ òkun bá wọlé ní ẹ̀ẹ̀rùn, a rọ, a sì rì. Nígbà tí òjò bá tún padà, a tún padà.

Gbòǹgbò gbéborùn gùn, ó sì pọ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, ohun tí mo sì ti sọ nípa ara koríko òkun náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ìlú ńlá àwọn kòkòrò ni. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ènìyàn ní ibi kankan. Àwọn ẹlòmíràn tilẹ̀ ń jẹ ìdọ̀tí omi, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Bangladẹ́ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí àwọn fi kòkòrò àrùn onígbáméjì sínú omi tí gbéborùn wà nínú rẹ̀, kòkòrò náà péjọ sí ara ewéko náà, pàápàá sí gbòǹgbò rẹ̀. Vibrio cholerae ni orúkọ kòkòrò yìí, ọmọ ìdílé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Omi tí ó gbóná díẹ̀, tí ó ní iyọ̀ díẹ̀, ni ó fẹ́ràn jùlọ, irú omi tí a ní ní ẹnu odò gẹ́lẹ́. Kì í fẹ́ máa léfòó ní òun nìkan. Ara ewéko ni ó máa ń rọ̀ mọ́, àti ara àwọn ẹ̀dá inú omi kan tí ó dà bí edé, ṣùgbọ́n tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè fi fò wọ́n dá. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi: òun kì í lúwẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rọ̀ ọ̀nà bá ti ṣí sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ ni ó máa ń wọ̀.

Kò yẹ kí á sọ gbogbo ẹ̀bi di ti ewéko. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí ní etí omi pé gbéborùn ni ó ń mú àrùn wá, àti pé kí a da oògùn sí i kí ó kú tán. Bí ó bá kú sínú omi, yóò jẹrà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi yóò tán, ẹja yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí a kó o jáde sórí ilẹ̀ ni ó dára jù. Kòkòrò onígbáméjì lè máa gbé inú omi ọ̀sà fún ọdún púpọ̀ láìpa ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ ènìyàn tí ń ṣàìsàn ni ó ń sọ díẹ̀ di ọ̀pọ̀, tí ó sì ń gbé e dé inú kànga àti inú garawa. Ilé ìyàgbẹ́ tí a kọ́ sórí omi ni kí a kọ́kọ́ bá wí, àti ṣáláńgá tí a gbẹ́ sí ẹ̀bá kànga. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, nígbà tí a tú omi sílẹ̀ láti ibi ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí odò Ògùn sì kún bo bèbè rẹ̀, omi wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú àti ní agbègbè Mile 12, àwọn ènìyàn sì sá fi ilé wọn sílẹ̀. Nígbà tí omi bá bo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín omi ṣáláńgá, omi kànga àti omi odò.

Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì. Ní òpin ọdún 1970 ni ó kọ́kọ́ ṣí wọ Nàìjíríà ní agbègbè Èkó, ní ọdún 1971 a sì ka 22,931 ènìyàn tí ó mú, nínú èyí tí 2,945 kú. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2024 ó tún dé. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́kọ́ kéde rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ: Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Ìkòròdú, àti Kòsọ́fẹ́ tiwa. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni wọ́n tó lè sọ pé onígbáméjì ni lóòótọ́, nítorí pé ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ ní irú, a kò sì lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Báwo ni a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Ibí yìí ni koríko òkun tún ti wọ inú ọ̀rọ̀ wa, lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè rò. Ní nǹkan bí ọdún 1881, oníṣègùn ńlá ilẹ̀ Jámánì nì, Robert Koch, ń wá ọ̀nà tí a lè gbà mú kòkòrò kan ṣoṣo hù ní òun nìkan, kí a lè mọ̀ ọ́n. Ohun dídì tí a fi egungun àti awọ ẹran sè ni ó ń lò, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ti gbóná, a yọ́, gbogbo iṣẹ́ a sì dàrú. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Walther Hesse ń bá Koch ṣiṣẹ́, ìyà yìí sì ń jẹ òun náà. Ìyàwó rẹ̀, Fanny, tí a bí ní New York ní ọdún 1850, ni ó máa ń ya àwòrán ohun tí ọkọ rẹ̀ bá rí nínú awò. Ọkọ rẹ̀ bi í léèrè ìdí tí oúnjẹ dídì tirẹ̀ kì í fi í yọ́ nínú ooru. Obìnrin náà dá a lóhùn pé koríko òkun ni òun fi ń sè é. Àwọn ojúlùmọ̀ tí wọ́n ti gbé ní erékùṣù Jáfà ni ó kọ́ òun. Agar ni orúkọ ohun náà. Bí a bá sè é nínú omi gbígbóná, a yọ́. Bí ó bá tutù, a dì bí ẹ̀kọ inú ewé, kì í sì í tún yọ́ mọ́ àfi bí omi rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Ohun mìíràn tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò kò mọ̀ ọ́n jẹ, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti ara koríko òkun fúnra rẹ̀ wá, tí ó ti mọ́ lára láti máa jẹ ẹ́ nílé. Ní ọdún 1882 Koch kéde pé òun ti rí kòkòrò ikọ́ ife. Ó dárúkọ agar nínú ìwé rẹ̀, kò sì dárúkọ Fanny Hesse. Ní ọdún 1883 àti 1884 ó lọ sí Íjíbítì àti Kàlìkọ́tà, ó sì rí kòkòrò onígbáméjì.

Títí di ọjọ́ òní, orí ohun dídì tí a fi koríko òkun sè ni àwọn ilé àyẹ̀wò ti ń mú kòkòrò yìí hù. Èyí tí wọ́n ń lò fún onígbáméjì ní àwọ̀ ewé. Bí kòkòrò náà bá wà nínú ìgbẹ́ aláìsàn, lẹ́yìn òru kan, yóò hù lórí rẹ̀ ní róbótó-róbótó tí ó pọ́n bí ìyeyè.

Ó ku ohun tí àwọn ará ilé wa lè ṣe. Ní ilẹ̀ Bangladẹ́ṣì, ọ̀mọ̀wé obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Rita Colwell, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ronú pé bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni kòkòrò yìí ń wọ̀, a kò nílò ohun tí yóò mú kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ohun tí yóò mú ọkọ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin abúlé láti mú aṣọ ògbólógbòó tí wọ́n ń ró, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po tó ìlọ́po mẹ́jọ, kí wọ́n sì fi bo ẹnu ìkòkò nígbà tí wọ́n bá ń pọn omi. Ní abúlé 65 ni wọ́n ti dán an wò, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2003: níbi tí a ti lo aṣọ bẹ́ẹ̀, àrùn onígbáméjì dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Aṣọ ògbó ni ó dára ju tuntun lọ, nítorí fífọ̀ ti mú kí òwú rẹ̀ wú, ihò rẹ̀ sì ti há.

Ìdajì kì í ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà omi tí a bá sẹ́ tán ní Agbóyì tàbí ní Owódè Onírin, kí a tún sè é títí yóò fi hó dáadáa kí a tó mu ún. Kí ẹni tí ń tajà má ṣe fi omi ọ̀sà tàbí omi gọ́tà wẹ ata àti ẹ̀fọ́ kí ó lè máa dán lójú oníbàárà. Nítorí pé ara ewé ni kòkòrò náà fẹ́ràn láti rọ̀ mọ́, yálà ewé náà wà nínú omi tàbí nínú agbọ̀n ní Mile 12. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnì kan nínú ilé, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara, kí a má sì dúró de ìgbà tí ojú rẹ̀ yóò jìn. Lójú ọ̀nà, kí a máa fún un ní omi mu díẹ̀díẹ̀: omi lítà 1 tí a ti sè tí ó sì ti tutù, ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 tí a gé dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì. Ní ti aṣọ tí a fi sẹ́ omi, kí a fi omi tí a ti sẹ́ ṣàn án lẹ́yìn ìlò, kí a sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ kanrin, kí a má sì ṣe fi í nu ọwọ́ àwọn ọmọ.